Ẹ Má Ṣe Fi Àdírẹ́sì Yàrá Ẹlòmíràn Ta Ọjà Yín

  Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe àdírẹ́sì ilé tí lẹ́tà ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín o, àdírẹ́sì tí wọ́n ń kọ sínú ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má tíì sọ pé kò kàn yín. Láyé òde òní, aránṣọ ń fi àwòrán aṣọ síbẹ̀, káfíńtà ń fi àga àti bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ìyá aláṣọ òkè ń fi ẹtù àti sányán síbẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó lè rí i, kí wọ́n sì fowó ránṣẹ́. Bí àdírẹ́sì inú rẹ̀ kò bá dára, inú òkùnkùn lẹ pàtẹ sí yẹn.

Arábìnrin aránṣọ kan ló kọ̀wé sí abala yìí. Ó ní òun gbéṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan, ọmọ ọ̀rẹ́ òun, pé kó bá òun ṣe ìkànnì tí àwọn oníbàárà yóò ti máa wo àrà tí òun ń dá. Ó ti san ìlàjì owó. Ọmọ náà gbé laptop wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí i, gbogbo àwòrán ń dán yanran. Inú ìyá dùn, ó fún un ní omi tútù mu. Àfi bí ọmọ ṣe lọ tán, tí ìyá ṣí ìkànnì náà lórí fóònù tirẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀, ó rí iye owó, ṣùgbọ́n níbi tí àwòrán yẹ kó wà, àpótí òfìfo ló rí. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London, ohun kan náà ni. Oníbàárà kan tilẹ̀ bi í pé ṣé ó ti ta ọjà tán ni. Ọmọkùnrin náà sì ń búra pé gbogbo rẹ̀ ń jáde lọ́dọ̀ òun.

Ìbéèrè tí ìyá wa wá bi mí nìyí: ṣé dátà òun ni kò tó, ṣé fóònù òun ló ti gbó, àbí ọmọ yìí ń ṣe òun ní gbájúẹ̀? Ṣé kí òun san owó tó kù ni, àbí kí òun gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ?

Ìyá wa, ẹ rọra. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Dátà yín tó, fóònù yín kò ṣe nǹkan kan, ọmọ náà kò sì purọ́. Àwòrán ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ti lè jáde. Mo ṣí ìkànnì tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ Ctrl àti U pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó máa ń fi ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ojú-ewé han ènìyàn. Ohun tí mo bá níbi àwòrán àkọ́kọ́ nìyí:

C:\Users\Laptop\Desktop\aso\iro.jpg

Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. A máa tú u palẹ̀ báyìí.

OJÚ-EWÉ KÌ Í ṢE ÁLÍBỌ́Ọ̀MÙ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n ṣe ń lẹ fọ́tò mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló kún inú ojú-ewé náà. Níbi tí àwòrán yẹ kó wà, àṣẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé lọ mú àwòrán báyìí wá láti ibi báyìí. Bí ẹ bá wá ṣí ojú-ewé náà, Chrome tàbí Firefox tó wà nínú fóònù yín ni ọmọ tí a rán níṣẹ́. Yóò ka àṣẹ náà, yóò sáré lọ síbi tí wọ́n darí rẹ̀ sí. Bó bá bá àwòrán níbẹ̀, á gbé e wá. Bí kò bá bá a, á padà wá lọ́wọ́ òfo. Àpótí òfìfo tí ẹ rí yẹn, ọmọ tó padà lọ́wọ́ òfo ni.

Bákan náà ni ti líǹkì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ tó ń gbé yín lọ sí ojú-ewé mìíràn. Àdírẹ́sì wà lábẹ́ òun náà. Bí àdírẹ́sì bá ṣì, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò ní dé ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí èyí tí ọmọ yẹn kọ. C: yẹn ni orúkọ tí Windows ń pe ibi ìkópamọ́ inú kọ̀ǹpútà ẹni. Users ni ibi tí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà ń gbé, bí ẹni pé yàrá wọn ni. Desktop ni orí tábìlì nínú yàrá yẹn. Ohun tí àṣẹ náà ń sọ ni pé: wọ inú kọ̀ǹpútà yìí, wọ yàrá ẹni tó ni ín, wo orí tábìlì rẹ̀, gbé àwòrán ìró wá. Nígbà tí ọmọ náà ṣí ojú-ewé tó wà nínú laptop rẹ̀ fún yín, ọmọ iṣẹ́ wọ yàrá náà, ó rí àwòrán, ó gbé e wá. Nígbà tí ojú-ewé kan náà ti gòkè sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ wá ṣí i lórí fóònù, ọmọ iṣẹ́ wá yàrá yẹn títí, kò rí i. Yàrá wo ló fẹ́ rí? Fóònù yín kò ní C:, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọkùnrin yẹn fún ará ìta.

Ó dà bí ẹni tó pín ìwé ìpè ìgbéyàwó, tó kọ sí i pé kí ẹ wá bá wa ní pálọ̀. Pálọ̀ ta ni? Ará ilé mọ̀ ọ́n. Àlejò tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ńkọ́?

BÍ A ṢE Ń JÚWE Ọ̀NÀ

Ẹ wo bí àwa fúnra wa ṣe ń júwe ọ̀nà. Bí oníbàárà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín tó ní òun ń wá ẹni tó ń ta òwú, ṣé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ báyìí, ìlú báyìí, ọjà báyìí, ìlà báyìí? Rárá o! Ohun tí ẹ máa sọ ni pé, ẹ jáde síbí, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ṣọ́ọ̀bù kẹta ni. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì dúró sí lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè yín láti Kano pé òun fẹ́ gbé ẹrù ránṣẹ́, ẹ ò lè sọ fún un pé kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ní láti fún un ní àdírẹ́sì kíkún, láti orúkọ ìlú dé nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù.

Gbogbo ohun tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì ń kọ́ nípa àdírẹ́sì kò ju èyí lọ. Àdírẹ́sì kíkún nìyí:

https://example.com/ile-aso/aworan/iro.jpg

Ó dárúkọ ìlú, ó dárúkọ agboolé, ó dárúkọ yàrá, ó wá dárúkọ ẹrù tó wà nínú yàrá. Ibikíbi tí ènìyàn bá wà láyé, ó lè fi í dé ibẹ̀.

Àdírẹ́sì kejì ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú-ewé náà dúró sí. Àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é ní relative path. Ẹ kọ orúkọ yẹn sílẹ̀, torí ẹ máa fi béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó kúrú gan-an:

aworan/iro.jpg

Ó kàn ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, yàrá tí wọ́n ń pè ní aworan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí o dúró sí yìí, wọ ibẹ̀, mú ìró wá. Kò dárúkọ ìlú, kò dárúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Ẹ fojú inú wo agboolé kan tí wọ́n ń pè ní ile-aso. Folder ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ohun tó ń kó nǹkan pọ̀ sójú kan. Yàrá méjì ló wà nínú agboolé yìí. Àwọn fọ́tò wà nínú yàrá tó ń jẹ́ aworan. Ojú-ewé tí iye owó wà, tó ń jẹ́ iye.html, wà nínú yàrá tó ń jẹ́ oju-ewe. Ojú-ewé àkọ́kọ́ tí àlejò ń bá, index.html, òun kò sí nínú yàrá kankan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí.

Index tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó bá fẹ́ mú fọ́tò, yóò kàn wọ yàrá ni: aworan/iro.jpg. Ṣùgbọ́n iye.html tó wà nínú yàrá tirẹ̀, òun ò lè wọ yàrá kejì láìkọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmì tí wọ́n fi ń sọ pé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹsẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, báyìí:

../aworan/iro.jpg

Ẹsẹ̀ méjì yẹn ni jáde. Aworan ni wọ yàrá àwòrán. Bó bá sì fẹ́ gbé àlejò padà sí ojú-ewé àkọ́kọ́, ../index.html ni yóò kọ. Bí yàrá bá wà nínú yàrá, tó jẹ́ pé ó ní láti jáde lẹ́ẹ̀mejì, á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ../../ ni. Ó parí. Ẹni tó bá ti gbé agboolé rí, kò yẹ kí èyí ṣòro fún un.

KÌ Í ṢE ÀṢÀ TUNTUN

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, ló dá ètò ojú-ewé yìí sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí Geneva ní Switzerland. Ní 1989 ló gbé àbá náà kalẹ̀. Ní 1991 ni àwọn ará ìta bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú-ewé àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà ní info.cern.ch tí ẹ lè wò. Ẹ wo àwọn líǹkì inú rẹ̀: ọ̀kan kàn sọ pé WhatIs.html ni, òmíràn sọ pé ../DataSources/Top.html. Jáde, wọ yàrá kejì, wo ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé tán ni.

Ní oṣù kẹfà 1995, Roy Fielding kọ ìlànà àdírẹ́sì kúkúrú yìí sílẹ̀ sínú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ RFC 1808, kí gbogbo ẹ̀rọ lè máa kà á bákan náà. Ní 2005, ìwé mìíràn, RFC 3986, gba ipò rẹ̀, òun náà sì pa ìlànà ọ̀hún mọ́. Ìdí nìyẹn tí Chrome, Firefox àti Safari fi ń ka ẹsẹ̀ méjì yẹn bákan náà, ì báà jẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tàbí lórí kọ̀ǹpútà olówó gọbọi.

ỌJỌ́ TÍ Ẹ BÁ KÓ KÚRÒ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹnì kan lè ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kọ àdírẹ́sì kíkún sí gbogbo rẹ̀ kí ọkàn balẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ṣọ́ọ̀bù rí ni yóò tètè yé.

Ìkànnì kò kì í lé léfurufú. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ló ń gbé, ẹ sì ń san owó ilé. Owó ilé lè wọ́n sí i, onílé lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ọjọ́ kan á sì dé tí ẹ máa kó ẹrù yín lọ sí ibòmíràn. Bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì kíkún ni wọ́n kọ sí abẹ́ gbogbo àwòrán àti gbogbo líǹkì, kíkó tí ẹ kó, ẹ ò tíì kó. Ojú-ewé ti dé ilé tuntun, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ṣì ń sáré lọ sí ilé àtijọ́ lọ wá fọ́tò. Ọjọ́ tí ilé àtijọ́ bá wó, gbogbo fọ́tò bá a lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé orúkọ ìkànnì tí ẹ kò san owó rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn lè rà á. Oníbàárà yín á tẹ líǹkì nínú ojú-ewé yín, á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Àdírẹ́sì kúkúrú kò ní wàhálà yìí. Bí wọ́n bá gbé agboolé kan lódindi láti ìlú kan lọ sí ìlú kejì, yàrá ìyá ṣì dojú kọ yàrá bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà láàrin. Ẹni tó sọ pé jáde kí o wọ yàrá kejì, òótọ́ ló ń sọ síbẹ̀. Ẹ gbé folder náà lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, á ṣiṣẹ́. Ẹ dà á kọ sórí flash, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìyàwó tó fẹ́ yan aṣọ ìgbéyàwó, ẹ ṣí i lórí laptop tó wà níbẹ̀, á ṣiṣẹ́ láìlo dátà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbàáyé tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní 1994, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, GeoCities lorúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn ní ilẹ̀ sí láti kọ́ ìkànnì. Wọ́n pín ibẹ̀ sí àdúgbò-àdúgbò, wọ́n fún oníkálukú ní nọ́ńbà ilé. Ẹni tó bá fẹ́ràn sinimá, àdúgbò Hollywood ló ń gbé. Ènìyàn ya lọ síbẹ̀ bí omi. Ní 1999, Yahoo ra gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2009, Yahoo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti da folder tirẹ̀ kọ sílé, tí líǹkì inú rẹ̀ sì jẹ́ kúkúrú, ó lè gbé e síbòmíràn kó máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ geocities.com sí abẹ́ gbogbo fọ́tò, ó ní láti tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí kó wá ẹni tó mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, kó sì sanwó fún un.

IBI TÍ ÀDÍRẸ́SÌ KÍKÚN TI YẸ

N ò sọ pé àdírẹ́sì kíkún kò dára o. Ó ní ibi tó ti yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ darí oníbàárà sí ìkànnì ẹlòmíràn, bóyá ti ilé ìfowópamọ́ tàbí ti ẹgbẹ́ yín, kíkún ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó, sára báàgì ọjà, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kíkún ni, torí ẹni tó máa kà á kò sí nínú agboolé yín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tinú ilé, ẹ fi kúkúrú júwe. Tìta, ẹ fi kíkún júwe.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi àdírẹ́sì kíkún yá àwòrán láti inú ìkànnì ẹlòmíràn bí ẹni pé tiyín ni. Ohun olóhun ni. Ọjọ́ tó bá yọ ọ́ kúrò, tiyín á ṣófo. Ọjọ́ tó bá sì fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀, ohun tí ó fi síbẹ̀ ni oníbàárà yín á máa rí lábẹ́ orúkọ yín.

Irú kan tún wà tó dà bí kúkúrú ṣùgbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà: /aworan/iro.jpg. Ìlà tó ṣáájú yẹn ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, padà sí ẹnubodè kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ ìkànnì náà láti ẹnubodè, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba yàrá nínú ilé ẹlòmíràn, bí irú èyí tí GitHub Pages ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, tí orúkọ iṣẹ́ yín máa ń tẹ̀lé github.io lẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ á lọ sí ẹnubodè, kò sì ní rí yàrá aworan yín níbẹ̀.

OHUN KÉKERÉ TÓ Ń BA IṢẸ́ JẸ́

Ìlà tó tẹ̀ sẹ́yìn, \, Windows ló ń lò ó fún àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà. Nínú ojú-ewé, ìlà tó tẹ̀ síwájú, /, ni kí wọ́n lò.

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, wọn kì í ṣe ìkan náà. Windows kì í bìkítà bí wọ́n bá kọ Iro.jpg tàbí iro.jpg. Ṣùgbọ́n Linux ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gba ìkànnì sílé ń lò, ojú ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Linux sì fi ń wò wọ́n. Ìdí tí àwòrán fi lè jáde nílé tó sì kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn nígbà mìíràn. Kó yẹ kó ya àwa Yorùbá lẹ́nu. Ṣé ọkọ àti ọkọ́ kan náà ni? Ọ̀kan ń fẹ́ni sílé, èkejì ń roko.

Tí a bá ń sọ nípa àmì, ẹ má ṣe fi àmì ohùn tàbí ẹ, ọ, ṣ sínú orúkọ fáìlì. Lójú-ewé fúnra rẹ̀, ẹ kọ Yorùbá yín kó pé, kó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ fáìlì, kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ tó lè gbà kọ lẹ́tà tó ní àmì. Ojú wa á rí i bí ọ̀kan, ẹ̀rọ á kà á sí méjì. Ẹ kọ aso, ẹ kọ iro, ó tó. Ẹ má sì fi àlàfo sáàrin orúkọ. Dípò kí ẹ kọ ile aso, ẹ so ó pọ̀: ile-aso.

KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ TÓ KÙ

Ìyá wa aránṣọ, àti gbogbo ẹ̀yin tó bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún ènìyàn, ohun mẹ́rin ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó san owó tó kù.

Èkíní, ẹ má ṣe yẹ iṣẹ́ wò lórí laptop ẹni tó ṣe é. Ẹ ní kó pa á dé. Ẹ gba fóònù ọmọ iṣẹ́ yín tàbí ti aládùúgbò tó ní dátà tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣí i.

Èkejì, ẹ tẹ gbogbo líǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wọlé, ẹ rí i pé ẹ lè padà sí ojú-ewé àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba folder náà lódindi sórí flash, ojú-ewé àti fọ́tò pọ̀. Ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ gbé flash náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ ní kí wọ́n ṣí index.html fún yín. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tí líǹkì inú ilé sì ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé àdírẹ́sì rẹ̀ dára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ní kí wọ́n tẹ Ctrl àti U lórí kọ̀ǹpútà fún yín lórí ìkànnì gan-an. Bí ẹ bá rí C: tàbí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú file: níbi àwòrán tàbí líǹkì, ẹ má san kọ́bọ̀ sí i, ẹ ní kó lọ tún un ṣe.

Ní ti ọmọ ọ̀rẹ́ yín, ẹ má gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Àṣìṣe tó ṣe kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó le láti tún ṣe. Ẹ pè é, ẹ fi ìwé ìròyìn yìí hàn án. Kó fi àwọn fọ́tò sínú folder kan náà pẹ̀lú ojú-ewé, kó gé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti C: dànù, kó kọ aworan/iro.jpg rọ́pò rẹ̀, kó wá gbé folder náà gòkè lódindi. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde lórí fóònù yín àti ti London, ẹ san owó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní owó o, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ kọ́kọ́ to ilé kí ẹ tó júwe yàrá. Ẹ dá folder sílẹ̀, ẹ fi fọ́tò sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú-ewé. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ méjì jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ bí oníbàárà òun kò bá rí ọjà. Ẹjọ́ tó máa rò nípa yín fún ìyókù ọjà nìyẹn.

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má tijú láti bi ọmọ tí ẹ sanwó fún pé, àdírẹ́sì wo lo kọ sí i, tìẹ ni àbí tèmi? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà ó tà.